Iyọ̀ àti fínígà kò mú aró dúró: fún ẹ̀yin tí ẹ ń wọ àdìrẹ lọ sí ọ́fíìsì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ilé iṣẹ́ adójútòfò kan níbí ní Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀, kọ́pọ́réètì ni gbogbo wa ń wọ̀. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ni wọ́n gbà wá láàyè láti wọ aṣọ ìbílẹ̀. Mo ra àdìrẹ aláró dúdú, mo fi rán bùbá àti ṣòkòtò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ó ran àga aláwọ̀ kírímù tí mo jókòó lé, ó ran báàgì mi, abíyá mi náà di búlúù. Ọ̀gá wa ní òun ò gbọdọ̀ rí i lọ́rùn mi mọ́. Mo kà á lórí fóònù pé kí n fi iyọ̀ àti fínígà rẹ ẹ́ mọ́jú. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ń yọ. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? Kí ni kí n máa wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Ti àga yẹn dùn mí, ti ìtìjú tó kó bá ọ sì dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti fẹ́ dá ọ dúró. Pé aṣọ ń yọ aró kò sọ ọ́ di ayédèrú. Ayédèrú gan-an kì í sábà yọ: ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ àwòrán àdìrẹ sí i lára, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti Ṣáínà, wọ́n á kó o wá sọ́jà, wọ́n á pè é ní tiwa. Yí tìrẹ sódì kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Aṣọ ẹ̀rọ máa ń funfun lẹ́yìn ju ojú lọ, àwòrán rẹ̀ á sì bára mu wẹ́kú láti ọ̀pá kìíní dé ọ̀pá ìkẹyìn. Tiwa, aró á ti mu ún dé ẹ̀yìn, ọwọ́ ẹni tó fi ìko dì í tàbí ẹni tó fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ sí i kò sì ní rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò rí aṣọ rẹ o, nítorí náà mi ò ní búra, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí o kọ yìí, ìṣe aró ni.

Ó wá ku iyọ̀ àti fínígà. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé aṣọ tí òórùn fínígà ń ti ara rẹ̀ jáde wá bá mi, tí wọ́n á ní kí n wá bá wọn wò ó. Ìlú tí wọ́n ń kì ní ìlú aró, ìlú tí Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ti figbe ta nínú ìtàn pé igi tí àwọn ọdẹ gé lulẹ̀ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun, àwa náà là ń gba ìmọ̀ràn aró lẹ́nu ẹni tí kò fọwọ́ kan ìkòkò rí!

Iyọ̀ níbi tó ti wúlò, èmi náà kò sẹ́. Àwọn àwọ̀ ìgbàlódé kan wà tó jẹ́ pé inú omi àwọ̀ ni wọ́n ti ń da iyọ̀ sí i, nígbà tí aṣọ ṣì wà nínú rẹ̀, kí iyọ̀ lè ti àwọ̀ mọ́ òwú. Ìgbà tí wọ́n ń pa aṣọ láró lọ́wọ́ nìyẹn, kì í ṣe lẹ́yìn tí télọ̀ ti rán an tán. Fínígà ní tirẹ̀, àwọ̀ tí wọ́n fi ń pa irun àgùntàn àti sílíìkì ló ń bá ṣiṣẹ́. Bùbá rẹ, òwú ni, ara igi ló ti wá. Álọ́ọ̀mù tí àwọn mìíràn tún ń dà sí i kò kan aró rárá.

Aró ní ìwà tirẹ̀. Kì í yòrò nínú omi lásán. Àwọn ìyá wa a máa sẹ́ omi eérú, wọ́n á da ewé ẹ̀lú tí wọ́n ti gún tí wọ́n sì ti sá gbẹ sínú rẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan. Lónìí, kọ́sítíìkì sódà àti háídírò, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tó ń gba afẹ́fẹ́ kúrò nínú omi aró, ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Bí aró bá yòrò tán, omi inú ìkòkò kì í ṣe búlúù mọ́. Fa aṣọ yọ nínú rẹ̀, àwọ̀ ewé tútù ni yóò bá jáde. Etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà àárín, kí o tó kí ará ilé kejì tán, gbogbo rẹ̀ ti di búlúù lójú rẹ. Afẹ́fẹ́ ló ṣe é. Afẹ́fẹ́ yẹn ló tún sọ aró di ohun tí omi kò lè yọ́ mọ́, tó fi há sára òwú. Iṣẹ́ ti parí níbẹ̀ yẹn. Kí ni iyọ̀ tún fẹ́ wá mú dúró?

Ṣùgbọ́n há ló há o, kò so mọ́ òwú bí àwọn àwọ̀ mìíràn ṣe ń so. Ó dà bí ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn: òjò kan ṣoṣo kò ní fọ̀ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ̀yìn tì í á gbé díẹ̀ lọ. Ibi tí nǹkan bá ti ń ra aṣọ, pàápàá tí òógùn bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni aró ti ń yọ jù. Abíyá rẹ nìyẹn, ìdí ṣòkòtò rẹ lórí àga náà nìyẹn.

Ibì kan wà tí ẹ̀bi jẹ́ ti àwa aláró. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ki aṣọ bọ aró fún ìgbà díẹ̀, á nà án sí afẹ́fẹ́, á tún kì í bọ̀ ọ́, á ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn náà á ṣàn án dáadáa. Ẹni tó ń kánjú á po aró tó ki, á rì í sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní ṣàn án, ó di ọjà. Aró tí kò ríbi há sí á kàn dúró sójú aṣọ. Aṣọ náà á dúdú, á máa dán, ẹ̀yin oníbàárà á sì ní, “Èyí tó dúdú jù yẹn ni kí ẹ fún mi.” Àwa méjèèjì la jọ ni ín.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tàn ọ́ pé ẹ̀lú gidi kì í yọ, pé aró òyìnbó nìkan ló ń yọ. Irọ́ ni, wọ́n kàn fẹ́ gbowó sí i ni. Ní 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ta aró àtọwọ́dá, ohun kan náà ló sì wà nínú rẹ̀ àti nínú ẹ̀lú. Àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀ Sahara, láwàní aláró tí wọ́n ń rà láti Kánò máa ń pa wọ́n lójú láró, ọlá ni wọ́n kà á sí. Jíìnsì náà, aró kan náà ni. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ọ́fíìsì tó ní òun ò fẹ́ jíìnsì ní ọjọ́ Ẹtì ń gba àdìrẹ wọlé, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Èyí tí o ti rán yìí, fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, da omi nù, pọn òmíràn, títí omi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ó lè pẹ́. Má fi jíìkì kàn án, má sì sá a sínú oòrùn gangan. Bí ó bá gbẹ, fi omi díẹ̀ sí áńkáṣíìfù funfun kí o fi ra inú ìṣẹ́po rẹ̀ dáadáa. Bí áńkáṣíìfù bá kàn ṣú díẹ̀, ó ṣeé wọ̀. Bí ó bá di búlúù kíkí, aṣọ ilé ni, má wọ̀ ọ́ lọ sí ọ́fíìsì. Èyí tí o bá tún máa rà, fọ̀ ọ́ kí télọ̀ tó gé e. Télọ̀ á ní kò pọn dandan; má dá a lóhùn, òwú tún máa ń súnkì. Jọ̀ọ́, má gbé sódà wá sílé láti tún un pa fúnra rẹ, ó ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú. Bí awọ ara rẹ bá ń yún ọ níbi tí aró ti ràn, ilé ìwòsàn ni kí o lọ, aláró ni mí, èmi kì í ṣe dókítà.

Ní ti ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yin ọ̀dọ́ rò pé ọjọ́ aṣọ-tó-bá-wù-mí ni. Àwa aláṣọ ló dá a sílẹ̀! Ní erékùṣù Hawaii ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń rán ṣẹ́ẹ̀tì aláràbarà ló rọ àwọn ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa wọ̀ ọ́ wá sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tó fi máa di 1966 ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 1992, Levi Strauss, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe jíìnsì, tún fi ìwé pẹlẹbẹ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tó fi kọ́ wọn bí ó ṣe yẹ kí òṣìṣẹ́ múra ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣòkòtò tirẹ̀ ló sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Òfin wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, béèrè tiyín lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, má fojú wo ti ẹlòmíràn.

Bí èmi bá ni ọ́, àdìrẹ á wà lókè nìkan: bùbá tí télọ̀ fi láínì sí lábẹ́ abíyá, tàbí kí o wọ ṣímìí dúdú sí abẹ́ rẹ̀. Ìsàlẹ̀, ṣòkòtò dúdú tí kò ní aró, kí ohun tó ń kan àga má jẹ́ tèmi. Mú èyí tí funfun pọ̀ nínú rẹ̀. Lọ ọ́ kó gún. Báàgì dúdú ni kí o gbé. Ọ̀gá rẹ kò bá àdìrẹ jà, àga rẹ̀ ló ń dùn ún. Lọ bá a, sọ fún un pé o ti fọ̀ ọ́, kí o fi áńkáṣíìfù hàn án tí ó bá pọn dandan.

Àga náà ńkọ́? Ẹni tó ń fọ àga ni kí ẹ pè, kí ẹ sọ fún un pé aró ni. Má ṣe bu jíìkì sí i o. Búlúù á lọ lóòótọ́, kírímù náà lè bá a lọ, odidi àga ni wọn yóò wá yọ nínú owó oṣù rẹ.