Níbo lẹ wà? Èsì fún ẹni tó fẹ́ máa gba ìpè pàjáwìrì fún ọlọ́pàá yunifásítì

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì kú oríire iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ yín. Ẹ ní ẹ̀ka ọlọ́pàá yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ gbà yín gẹ́gẹ́ bíi dispatcher, ẹni tí yóò máa gba ìpè pàjáwìrì tí yóò sì máa rán ọlọ́pàá jáde, àti pé nǹkan mẹ́ta ló ń dẹ́rù bà yín: ohùn Yorùbá tó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì yín, iṣẹ́ òru nígbà tí ọmọ kékeré wà nílé, àti ọ̀rọ̀ àwọn ojúlùmọ̀ yín tí wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ ṣíṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù lásán ni. Ọdún 11 ni mo fi jókòó sídìí irú fóònù bẹ́ẹ̀, mo sì fi ọdún 7 nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́ òru. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Òótọ́ ni pé ìpè kéékèèké ló pọ̀ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á ti ara rẹ̀ mọ́ ìta ní aago méjì òru, bátìrì ọkọ̀ ẹlòmíràn á kú, ọmọbìnrin kan á fẹ́ kí wọ́n sin òun láti ilé ìkàwé dé yàrá, gúgúrú á jóná nínú máíkírówéfù ẹnì kan, àlàámù iná á sì lé gbogbo ilé jáde sínú òtútù. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá yunifásítì níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bíi tàwọn tí a mọ̀ ní Ifẹ̀ tàbí ní Àkókà. Láti ọdún 1894, nígbà tí Yunifásítì Yale gba ọlọ́pàá méjì láti ìlú New Haven, ni irú ẹ̀ka yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ lónìí pé wọ́n ní ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì ní àṣẹ òfin láti mú ènìyàn. Fóònù tó dún fún ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn náà ni yóò dún fún ọmọ tó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò fi èkíní hàn yín yàtọ̀ sí èkejì títí ẹ ó fi gbé e.

Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni ẹ máa mú nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ, ẹ mú ìbéèrè yìí: níbo? Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá pè, kí ẹ tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó béèrè orúkọ. Bí fóònù bá kú lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ṣì lè rán ènìyàn lọ. Bí ẹ bá mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán tí ẹ kò mọ ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀, asán ni gbogbo rẹ̀.

Mo mọ èyí nítorí pé mo ṣe é ní òdìkejì rí. Ní ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ní òru ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè, ó ní ọ̀rẹ́ òun mutí, ó ti bì, kò sì jí mọ́. Mo béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, mo béèrè bóyá ó ń mí, mo béèrè irú ọtí tó mu, mo béèrè bí ó ṣe pọ̀ tó. Ìgbà tí mo wá béèrè ibi tí wọ́n wà, ó ní, “Lẹ́yìn ilé ìkàwé,” fóònù rẹ̀ sì kú. Ilé ìkàwé ńlá kan wà láàárín ọgbà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ilé ìkàwé láìfi orúkọ kún un, ibẹ̀ ni mo sì rán ọlọ́pàá àti áńbúláǹsì lọ. Mo pe nọ́ńbà ọmọ náà padà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kò wọlé. Ọlọ́pàá yí ilé náà ká, ó sọ lórí rédíò pé òun kò rí ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú méje ti kọjá kí àmì kan tó tàn lójú kọ̀ǹpútà mi pé ẹnì kan ti tẹ bọ́tìnnì fóònù orí òpó oníná búlúù, irú èyí tí wọ́n rì sínú ọgbà fún ìpè pàjáwìrì, létí ilé ìkàwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ní ìkángun kejì ọgbà. Ọmọkùnrin yẹn ni. Ó ti sáré kiri títí ó fi rí òpó.

Wọ́n bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàyè. Ọlọ́pàá tó bá wọn gbé e sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọmọ náà ti fi ẹ̀gbẹ́ dá a dùbúlẹ̀ kí ó tó sáré, pé ìyẹn ni kò jẹ́ kí èébì dí i lọ́fun. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mi pè mí wọ yàrá, ó ní kí n gbọ́ ohùn ara mi nínú ẹ̀rọ. Kò bú mi. Ó fún mi ní bébà kan àti pẹ́ńsù, ó ní kí n máa fa ìlà kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan títí n ó fi gbọ́ “níbo.” Ìlà mẹ́rin ni mo fà kí n tó gbọ́ ọ. Bébà yẹn ṣì wà nínú àpò mi títí di òní.

Ẹ má ṣe gbà pé ẹ̀rọ yóò mọ ibi tí ènìyàn wà fún yín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tẹ 911, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì Amẹ́ríkà, lórí fóònù ọwọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìpè rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí ibùdó ìpè pàjáwìrì ti ìlú, kí àwọn yẹn tó darí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ yín. Nígbà tí ẹ bá máa gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ti rojọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sì yé e ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ tún un rò. Àmì orí máàpù lè fi ilé hàn yín, ṣùgbọ́n kì í sábà sọ àjà tó wà nínú ilé alájà 12. Fóònù orí tábìlì ní ọ́fíìsì àti òpó oníná búlúù ló máa ń sọ ibi tí wọ́n wà gan-an, bí ẹni tó tò wọ́n bá tò wọ́n dáadáa. Ẹ bi àwọn tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ léèrè nípa fóònù tábìlì yẹn pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n pa obìnrin kan, Kari Hunt, ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Marshall, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ọdún 2013, ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún 9 tẹ 911 lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò wọlé, nítorí pé hòtẹ́ẹ̀lì náà ń fẹ́ kí ènìyàn kọ́kọ́ tẹ 9 kí ó tó lè pe ìta, ọmọ náà kò sì mọ̀. Òfin tí wọ́n fi orúkọ ìyá yẹn pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2020, ó sì fi òpin sí àṣà yẹn lórí ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì wà nínú àwọn ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbó.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn òru ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé yẹn ni pé mo fi ẹsẹ̀ mi rin ọgbà náà. Ọjọ́ Sunday mẹ́jọ ni mo lò, èmi àti ìwé kékeré kan. Mo kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe wà lára ògiri, mo kọ orúkọ tí àwọn ọmọ ń pè é ní tiwọn, mo kọ ilẹ̀kùn tí ibùsùn áńbúláǹsì lè gbà wọlé láìtẹ àtẹ̀gùn, àti èyí tí wọ́n máa ń tì lóru. Ilé kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pe orúkọ olówó tó ti kú láti ọdún pípẹ́, tí orúkọ náà kò sì sí lórí máàpù kankan. Ìwé yẹn gba ènìyàn là ju ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tí wọ́n kọ́ mi lọ.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti wá wúwo sí i ni ìkìlọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ènìyàn nínú ọgbà. Ní ọdún 1986 ni wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, Jeanne Clery, nínú yàrá rẹ̀ ní Yunifásítì Lehigh, àwọn òbí rẹ̀ sì jà títí òfin fi jáde ní ọdún 1990 pé kí yunifásítì máa sọ ìwà ọ̀daràn tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà wọn síta. Lẹ́yìn tí agbébọn pa ènìyàn 32 ní Yunifásítì Virginia Tech ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2007, wọ́n fi kún òfin náà ní ọdún 2008 pé bí ewu bá ti dájú, kí ìkìlọ̀ jáde láìjáfara. Ọ̀gá ló ń pàṣẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, ìka ọwọ́ ẹni tó wà nídìí fóònù ló ń tẹ̀ ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi irú rẹ̀ ránṣẹ́, gáàsì ló ń jò nínú ilé ìwádìí kan. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ilé náà, kí ẹni tó kàn fojú fò ó lè mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ lọ kódà bí kò ka ìyókù.

Ní ti ohùn yín, ẹ fọkàn balẹ̀. Kì í ṣe ohùn ló máa ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, ìkánjú ni. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí gbólóhùn yín kúrú, kí ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń pe lẹ́tà lórí rédíò: Adam fún A, Boy fún B, Charles fún C, David fún D, títí dé Zebra fún Z. Ẹ máa ka á sókè nígbà tí ẹ bá ń fọ abọ́. Mo tilẹ̀ gbà pé etí Yorùbá jẹ́ àǹfààní. Ẹni tó bá dàgbà sínú èdè tí ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ ti yàtọ̀ síra ti mọ̀ láti kékeré pé bí ohùn ṣe lọ sókè tàbí sódò wà lára ọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan sọ fún mi rí pé kò sí nǹkan kan, pé àṣìtẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń já bọ́ ní ìparí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó kàn máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo béèrè bóyá ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò fẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo béèrè bóyá yàrá tirẹ̀ ni ó wà.

Èdè wa náà tún wúlò lọ́jọ́ kan tí n kò retí rẹ̀. Ìyá kan pè láti Ìbàdàn, ọmọ rẹ̀ kò gbé fóònù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti ń tẹ 911 láti ilé, kò mọ̀ pé 911 tí ènìyàn bá tẹ̀ ní Nàìjíríà kò lè dé Amẹ́ríkà, àfi kí wọ́n wá nọ́ńbà oníǹkà mẹ́wàá ti ọlọ́pàá yunifásítì náà, kí wọ́n sì fi +1 ṣáájú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti ń dàrú mọ́ ẹkún. Mo ní, “Ẹ kú àárò ọmọ, mà. Ẹ fara balẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, mo ń gbọ́ yín.” Ó dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó ní, “Ọmọ ta ni ọ́?” Mo rán ọlọ́pàá lọ kan ilẹ̀kùn. Ìdánwò ló gba ọmọ náà lọ́kàn, fóònù rẹ̀ sì ti bọ́ sómi. Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ yàrá rẹ̀ tàbí nǹkan mìíràn nípa rẹ̀ fún màmá, nítorí ó ti pé ọdún 18, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá gbé fóònù tirẹ̀ fún un, ó sì pe ilé lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ níbẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà yẹn síbi tí ẹ ti lè rí i.

Wọn yóò tẹ̀ka yín, wọn yóò sì wádìí yín, nítorí kọ̀ǹpútà yín yóò lè wọ NCIC, àkójọ ìsọfúnni nípa ìwà ọ̀daràn tí FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ti ń lò láti ọdún 1967. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ yóò bẹ̀ yín pé kí ẹ bá àwọn wo nọ́ńbà ọkọ̀ kan péré. Ẹ kọ̀ fún wọn. Gbogbo ohun tí ẹ bá wò ni ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn nítorí rẹ̀, ó sì lè di ẹjọ́.

Òru ló kù. Wákàtí 12 ni tiwa, ẹ kò sì lè dìde lórí àga bí ẹnì kan kò bá gbà á lọ́wọ́ yín. Bí kò bá sí àgbàlagbà tí yóò sun ilé ti ọmọ yín, ẹ bẹ̀ wọ́n fún iṣẹ́ ọ̀sán tàbí kí ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá ní i. N kò lè pọ́n ọ́n lé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsùn ló nira jù fún mi. Ní ìdájí ọjọ́ kan, bàbá kan tó ń fọ ilẹ̀ nínú ilé ìwádìí ṣubú lulẹ̀, ọkàn rẹ̀ dúró. Ẹnì kejì rẹ̀ pè. Mo ní kó gbé fóònù sílẹ̀ nítòsí, kó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ wọlé tó bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, mo sì ń bá a kà á kí ó lè máa tó 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. A kà á fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹ̀rọ tí bàbá náà fi ń fọ ilẹ̀ ṣì ń kùn lẹ́yìn wọn, kò sí ẹni tó ráyè pa á. Nígbà tí àwọn oníṣègùn dé, wọ́n gbé fóònù, wọ́n ní, “A ti wà níbí,” ìlà sì já. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà láìmọ̀ bóyá bàbá náà kú. Kò kú. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ irú ẹ̀rọ yẹn ní pápákọ̀ òfuurufú, mo ṣì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé wọn, ẹ bi wọ́n bóyá 911 ń wọlé sí ọ̀dọ̀ wọn tààrà tàbí ìlú ló ń darí rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe fún òṣìṣẹ́ lẹ́yìn irú ìpè tí mo sọ yìí, bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kó kúrò nídìí fóònù fún ìgbà díẹ̀. Ẹ bi wọ́n iye ènìyàn tó ń wà nínú yàrá náà ní aago mẹ́ta òru. Bí wọ́n bá ní ẹyọ ẹnì kan ni, ẹ bi wọ́n ta ni yóò gbé fóònù nígbà tí ẹ bá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀ tán.