Ṣé àánú ni owó ìrànwọ́, àbí ẹ̀tọ́ wa?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá àánú ni owó tí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ fi ń ràn wá lọ́wọ́, àbí ẹ̀tọ́ wa ni. Láti ọdún 1970 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa yọ ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn sílẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn, bíi Norway, ló ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, inú òwò gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ wà. Ẹ wo kọfí tí àwọn bàbá wa gbìn ní Ìjùmú àti Kàbbà: àgbẹ̀ ló ro oko, òun ló ká èso pupa náà, tó sì sá a sóòrùn títí èèpo rẹ̀ fi gbẹ táútáú, síbẹ̀ ọjà London ni wọ́n ti ń dá iye rẹ̀. Nígbà tí àdéhùn àgbáyé tó ń fi gbèdéke sí iye kọfí tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè tà sókè òkun forí ṣánpọ́n lọ́dún 1989, owó kọfí já wálẹ̀ gidigidi, kò sì sí ẹni tó bi àgbẹ̀ léèrè.

Ti gbèsè ńkọ́? Nínú àdéhùn ọdún 2005, Paris Club, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó yá wa lówó, fagi lé gbèsè nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là fún Nàìjíríà, lórí pé kí àwa náà san nǹkan bíi bílíọ̀nù 12. Èmi ò lè pe ìyẹn ní àánú.