Ẹkún Támúsì: kí ni àwọn obìnrin yẹn ṣe tó burú tó bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè yìí wá láti inú Ìsíkíẹ́lì 8:14, níbi tí wòlíì ti rí àwọn obìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà àríwá tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n ń sunkún nítorí Támúsì. Olùbéèrè fẹ́ mọ ẹni tí Támúsì jẹ́, àti bóyá ẹkún lásán tó ohun tí à ń torí rẹ̀ pa ìlú run.

Òrìṣà àjèjì ni Támúsì ní Júdà. Ilẹ̀ Mesopotámíà, níbi tí Ìráàkì wà lónìí, ló ti wá. Dúmúsì ni àwọn ará Súmérì ń pè é. Darandaran ni, ọkọ Ìnánà tí wọ́n ń pè ní Íṣítà ní Bábílónì. Ìtàn wọn sọ pé ó kú, ó sì lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òkú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn bá ń mú ganrínganrín tí koríko sì gbẹ, àwọn obìnrin a máa dárò rẹ̀. Oṣù kan ṣì ń jẹ́ Támúsì nínú kàlẹ́ńdà àwọn Júù títí dòní.

Ìsìn ni ẹkún náà, ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run ni wọ́n sì ti ń sun ún. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró sórí ẹsẹ 14, bí àwọn oníwàásù tó fẹ́ràn láti bá obìnrin wí ṣe máa ń ṣe. Wòlíì ti kọ́kọ́ rí ère kan, àti 70 àgbààgbà tó mú àwo tùràrí lọ́wọ́ nínú òkùnkùn, níwájú ẹranko afàyàfà tí wọ́n yà sára ògiri. Lẹ́yìn àwọn obìnrin náà ló wá rí èyí tó burú jù: nǹkan bí ọkùnrin 25, láàárín ìloro àti pẹpẹ, tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ilé Olúwa, tí wọ́n ń forí balẹ̀ fún oòrùn. Ẹni tó bá ti wọ ààfin rí kò nílò àlàyé lórí kíkọ ẹ̀yìn sí ọba.

Lójú tèmi, ẹsẹ 12 ni kókó. Àwọn àgbààgbà ní Olúwa kò rí àwọn, ó ti kọ ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ìdájọ́ náà sì gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn. Ní orí 9, ọkùnrin aláṣọ ọ̀gbọ̀ kan, tó fi ìwo tàdáwà há ẹ̀gbẹ́, sàmì síwájú orí àwọn tó ń kẹ́dùn nítorí ìríra ìlú. Àwọn tó ń fi ohun ìjà tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi mímọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ kan ẹni tó ní àmì. Àwọn àgbààgbà tó wà níwájú ilé náà ni wọ́n kọ́kọ́ pa. Lẹ́yìn náà ni ògo Olúwa jáde lóòótọ́: ó gba ẹnu ọ̀nà ìlà oòrùn, ó sì dúró lórí òkè lẹ́yìn ìlú.

Nǹkan bí ọdún 592 ṣáájú ìbí Jésù ni ìran yìí. Nígbà tí ogun Nebukadinésárì ọba Bábílónì dáná sun tẹ́ńpìlì ní nǹkan bí ọdún 586, onílé ti jáde. Àwọn tó kù ní Jerúsálẹ́mù ti ń sọ fún àwọn ìgbèkùn, ìyẹn àwọn ará Júdà tí wọ́n ti kó lọ sí Bábílónì ṣáájú, pé kí wọ́n jìnnà sí Olúwa, àwọn ló ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 11:16, Olúwa ní òun fúnra òun ni ibi mímọ́ fún àwọn ìgbèkùn náà níbi tí wọ́n wà.