Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Péà Kékeré Lọ́wọ́ Ẹni tó Ń Ta Kẹ́yìn

Lórí póka Texas Hold'em ni lẹ́tà mẹ́ta ọ̀sẹ̀ yìí dá lé. Péà ni káàdì méjì tó jọra lọ́wọ́ ẹni; láti 2-2 títí dé 6-6 ni à ń pè ní péà kékeré. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ wa, blind kékeré jẹ́ 100, blind ńlá jẹ́ 200: owó tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Bí mo bá wà ní button (ìjókòó ẹni tó ń ta kẹ́yìn lẹ́yìn tí káàdì bá ti ṣí) pẹ̀lú 5-5, tí ẹnì kan níwájú sì ti gbé owó dé 600, mo máa ń tẹ̀ lé e, ìyẹn ni pé mo máa ń san iye kan náà. Ṣùgbọ́n ńṣe ni ṣípù mi ń jò. Kí ni mò ń ṣì ṣe?

Ẹ kì í ka ṣípù tó wà níwájú ẹni yẹn kí ẹ tó sanwó. Péà 5 kì í sábà dá jẹun. Flop ni káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí a ń ṣí sáàárín tábìlì fún gbogbo èèyàn. Nínú flop 100, bíi 98 ló máa ní káàdì tó ju 5 lọ, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ó bá tọwọ́ rẹ̀ mu. 5 kẹta, èyí tó máa sọ tiyín di set, ni ẹ ń fi 600 yẹn wá. Bíi ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìgbà 17 ló máa ń wọlé lórí flop.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìgbà 15 ni 600 á bọ́ sọnù, 9,000 nìyẹn. Ìgbà 2 tó kù ló máa dá a padà, 4,500 lẹ́ẹ̀kan. 900 ti wà láàárín tábìlì tẹ́lẹ̀: 600 tirẹ̀ àti 300 ti àwọn blind. Bó bá jẹ́ 4,000 ló ṣẹ́kù níwájú rẹ̀, tó sì kó gbogbo rẹ̀ fún yín, 4,900 lẹ rí, èrè 400 péré. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa kó o fún yín. Nígbà mìíràn A-Q ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, flop ò bá a mu, á jáwọ́ gbàrà tí ẹ bá fowó lélẹ̀. Nígbà mìíràn set tirẹ̀ á ju tiyín lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ṣípù ẹni tí tirẹ̀ kéré jù nínú ẹ̀yin méjèèjì tó ìlọ́po 15 ohun tí ẹ fẹ́ san: 9,000 fún 600. Bí ẹni náà bá ń tètè sá, ẹ wá ìlọ́po 20. Bí kò bá tó, ẹ jáwọ́. Bí ẹni méjì bá ti tẹ̀ lé 600 ṣáájú yín, ẹ lè dẹwọ́ díẹ̀, torí àwọn tó lè sanwó fún set yín ti pọ̀ sí i.

Gbogbo èèyàn ti jáwọ́ dé ọ̀dọ̀ mi ní button, 3-3 ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n kàn san 200?

Rárá o. Ẹ gbé e dé 500. Ẹni méjì péré ló kù, 300 tó wà nílẹ̀ ni ẹ sì ń lé. Bí àwọn méjèèjì bá ń jáwọ́ ní ìgbà 63 nínú 100, èrè ti wọlé kí flop tó ṣí. Bí ẹ bá san 200, blind ńlá á wo flop lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú káàdì bíi 8-4, ẹ ò sì ní mọ ohun tó ń ṣe yín.

Bí ẹnì kan bá tẹ̀ lé yín, tí flop jẹ́ K-7-2, ẹ lè fi owó lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún tẹ̀ lé e, ẹ dúró níbẹ̀: káàdì 2 péré ló kù nínú 47 tó lè fún yín ní set.

Bí blind bá gbé e padà dé 1,800 ńkọ́? 1,300 ló kù fún yín láti san, ìlọ́po 15 rẹ̀ sì jẹ́ 19,500. Ẹni tó jókòó pẹ̀lú 20,000 ti ku 18,200. Kò tó, ẹ jáwọ́. Nínú ìdíje tí ṣípù yín ti ku 2,000, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ẹ kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Set wọlé fún mi, mo dákẹ́ (n kò fi owó lélẹ̀) kí n má bàa lé ẹni kejì sá, ó sì gbẹ̀yìn jẹ gbogbo rẹ̀. Ṣé kò yẹ kí n dákẹ́ ni?

Flop ló máa sọ fún yín. Lórí K-7-2 tí àmì wọn yàtọ̀ síra, dídákẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò burú. Ṣùgbọ́n ká ní 5♥ 5♠ lẹ mú, A♥ Q♥ ló mú, flop sì jẹ́ K♥ 9♥ 5♣. Àmì ọkàn 8 ló kù nínú káàdì 45. Bí ẹ bá dákẹ́, ọ̀fẹ́ lẹ fún un. 1,500 ló wà láàárín. Ẹ fi 1,000 lélẹ̀. Á san 1,000 láti jẹ 2,500, owó tó nílò ànfààní bíi 29 nínú 100, nígbà tí ànfààní rẹ̀ lórí káàdì tó kàn kò ju bíi 18 lọ. Ẹ̀yin lẹ ń jèrè lórí ìyẹn, kódà bí ọkàn bá padà já.

Bó bá sì já, bíi 2♥, ọkàn márùn-ún tirẹ̀ ti ju set yín lọ, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ̀rètí nù. 3,500 ti wà láàárín, káàdì 10 ṣì lè gbà yín, torí wọ́n á sọ set yín di ọwọ́ tó ju ọkàn márùn-ún lọ: K mẹ́ta, 9 mẹ́ta, 2 mẹ́ta, àti 5♦. Bó bá fi 1,000 lélẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e. Bó bá fi 3,500 lélẹ̀, tó sì dá yín lójú pé ọkàn márùn-ún ló ní, ẹ jáwọ́.