Ọ̀sẹ̀ kan ò tó fún Jọ́ọ̀sì, Kánò àti Kàlàbá

Àbúrò, o ní o fẹ́ ti Àkúrẹ́ lọ Jọ́ọ̀sì, kí o já sí Kánò, kí o gba Kàlàbá wálé, láàárín ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kejìlá. Mo ti dán irú ẹ̀ wò rí. Inú ọkọ̀ ni mo ti lo ìsinmi mi tán.

Yọ Kàlàbá kúrò. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Bìní la máa ń gbà débẹ̀, a ó sọdá Odò Ọya láàárín Asaba àti Onitsha. Ọ̀nà Lọ́kọ́ja ni ti Jọ́ọ̀sì. Ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀ síra.

Òtútù ló jẹ mí níyà jù. Àwa ará ìhín, tí wọ́n bá ti ní òkè Ọya, ooru ló ń wá sí wa lọ́kàn. Bùbá áńkárá mẹ́ta àti sálúbàtà ni mo dì lọ Jọ́ọ̀sì. Ìlú tó wà lórí òkè, nǹkan bíi mítà 1,200 ló fi ga ju òkun lọ! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, igbá omi kan péré ni mo dà sára tí mo fi kígbe, tí ìyá onílé sáré wá kanlẹ̀kùn, ó rò pé ejò ni. Ètè mi ti là. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ ni. Òrí tí ìyá náà bù fún mi sínú ìdérí ike ló gbà mí, kí n tó lọ ra kóòtù òkìríkà. Ọyẹ́ Àkúrẹ́ tí à ń pariwo ẹ̀ yìí, eré ni.

Ní Kánò, má lọ ọjà Kurmi lọ́sàn-án Jímọ̀. Aago kan ni mo débẹ̀, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ti tì, wọ́n ti lọ kírun. Àmọ́ dé ibi kòtò aró Kofar Mata. Wọ́n ní láti 1498 ni wọ́n ti ń rẹ aṣọ níbẹ̀. Aláró ni ìyá ìyá mi ní Oǹdó, nítorí náà mi ò lè kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Ìkòkò ni tiwa, kòtò inú ilẹ̀ ni tiwọn, ṣùgbọ́n òórùn yẹn, bí ẹni pé mo wà lẹ́yìnkùlé màmá.

Ti ọkọ̀: tètè dé gáréèjì. Èyí tó bá ṣì ń wá èrò ní aago mẹ́sàn-án, sọ̀ kalẹ̀. Èmi jókòó, ó di mọ́kànlá ká tó gbéra, ilẹ̀ ṣú bá wa lẹ́yìn Lọ́kọ́ja, kò sẹ́ni tó lè sùn nínú ọkọ̀ nítorí ajínigbé. Sun Àbújá, kí o gbéra sí Jọ́ọ̀sì láàárọ̀. Orí ẹ tiẹ̀ bá ọ ṣe é tí kì í ṣe oṣù Kẹwàá lò ń lọ; ní 2022, omi bo títì ní Lọ́kọ́ja, ọkọ̀ ò kọjá.

Òrí wà ní Ọjà Ọba. Rà á kí o tó kúrò nílé.