Ta ló ń sọ aago fún nǹkan tó ń hù lára búrẹ́dì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò mi tó ń ka báólójì ní yunifásítì ní nǹkan pupa rúsúrúsú kan tó máa ń hù lára búrẹ́dì mọ ìgbà tílẹ̀ mọ́ àtìgbà tó ṣú, kódà tí wọ́n bá tì í mọ́nú òkùnkùn. Mo ní irọ́ ni. Kò lójú, kò lọ́pọlọ! Ẹ bá wa dá sí i. (Ìyá Bọ̀dé, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá Bọ̀dé, ẹ má bínú o, àbúrò yín ló jàre. Neurospora crassa lorúkọ ẹ̀. Wọ́n á mú irú ẹ̀ kan tí ìlà ẹ̀ máa ń hàn dáadáa, wọ́n á gbìn ín sẹ́nu túùbù gíláàsì gígùn tí oúnjẹ wà nínú ẹ̀, wọ́n á gbé e sínú òkùnkùn, á wá máa rá lọ díẹ̀díẹ̀. Á hu ìyẹ̀fun aláwọ̀ ọsàn, á rìn díẹ̀ láìhu nǹkan kan, á tún hù, tó bá fi máa tó ọjọ́ mélòó kan túùbù yẹn á ti nílà bí aṣọ òfì, ìlà kan sí ìkejì sì rèé, bíi wákàtí 22 ni. Kì í pé 24, ìmọ́lẹ̀ ló ń bá a tún un ṣe lójoojúmọ́.

Inú jíìnì kan (ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe pùròtéènì) tí wọ́n ń pè ní frq laago ọ̀hún wà. Pùròtéènì méjì, WC-1 àti WC-2, ló ń tì í ṣiṣẹ́, ló bá ń mú pùròtéènì FRQ jáde. FRQ yìí tó bá ti pọ̀, á padà lọ di àwọn méjèèjì lọ́wọ́, bí ọmọ tó yó tán tó wá ń gba ṣíbí lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ sebẹ̀ mọ́ (hẹn, ayé!). Iṣẹ́ dúró nìyẹn. Àmọ́ FRQ náà ò ní pẹ́ láyé, wọ́n á máa lẹ èròjà kékeré kan tó ń jẹ́ fọ́sífétì mọ́ ọn lára lọ́kọ̀ọ̀kan títí agbára ẹ̀ á fi tán, sẹ́ẹ̀lì á jẹ ẹ́ run, WC méjèèjì á gbara wọn, ó di ọjọ́ mìíràn. Àsìkò tí gbogbo lílọ bíbọ̀ yẹn ń gbà gan-an laago. Ti ojú tẹ́ ẹ sì sọ yẹn, WC-1 yìí kan náà ló ń rí ìmọ́lẹ̀ búlúù.

Ní 1973 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Feldman àti Hoyle, kọ nípa àwọn Neurospora tí aago wọn ti yí, ọ̀kan ń sáré, bíi wákàtí 16 ló fi ń pé, nígbà tó yá wọ́n tún rí òmíràn tó ń fà dé 29. Jíìnì kan ṣoṣo yẹn náà ló bàjẹ́ lára wọn o! Àwọn kan ṣì ń sọ pé bóyá ayé tó ń yí ló ń ta á lólobó, ni wọ́n bá gbé e sínú Columbia, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará Amẹ́ríkà, lọ sójú òfuurufú ní 1983. Ó ṣì ń hu ìlà ẹ̀ lọ.