Ẹ Bi Ìyá Alákoto: Orí Ara Ẹni La Fi Ń Ra Akoto

Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Láti ìgbà tí mo ti dáhùn ọ̀rọ̀ bíréèkì nínú ìwé ìròyìn yìí, akoto tí à ń dé gun alùpùpù ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà yín ń dá lé. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, torí akoto títà ni iṣẹ́ òòjọ́ mi. Ìsọ̀ mi wà ní Àrárọ̀mí, l'Ágodi Géètì, n'Íbàdàn, èmi fúnra mi sì ń gun alùpùpù wá síbẹ̀ láràárọ̀, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́tà dìsípáàṣì tó ṣáájú nísàlẹ̀ yìí ni mo fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn jù, torí ohun tó ń ṣe é ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn ò kàn mọ ohun tó fà á ni.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Dìsípáàṣì ni mí, láti Challenge ni mo ti ń gbé ẹrù káàkiri Ìbàdàn, nígbà mìíràn mo máa ń dé Ṣàgámù. Ọ̀gá mi ra akoto fún mi, ó bo gbogbo orí àti àgbọ̀n, ó sì rẹwà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé e fún bíi wákàtí kan, iwájú orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ó tún ń mì lọ́tùn-ún lósì. Bí mo bá yíjú wẹ̀yìn, akoto kì í bá mi yí. Mo ti fi fóòmù tìmùtìmù há a lẹ́gbẹ̀ẹ́, orí fífọ́ ò lọ. Ṣé kí n ra èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ ni, àbí èyí tó kéré? — Dìsípáàṣì, Ìbàdàn*

Ọmọ mi, má ra èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, má sì ra èyí tó kéré. Bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, ìrísí inú akoto náà ni kò bá ti orí rẹ mu.

Jókòó, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn rẹ, kó wo orí rẹ láti òkè. Orí àwọn kan gùn láti iwájú dé ìpàkọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì tín-ín-rín. Tàwọn mìíràn rí roboto. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú akoto. Ilé iṣẹ́ kan lè ṣe tirẹ̀ gígùn, kí òmíràn ṣe tirẹ̀ roboto, kí àwọn méjèèjì sì kọ L sí i lára. Bí ẹni tí orí rẹ̀ gùn bá dé akoto roboto, iwájú orí ni yóò máa tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbẹ́ á ṣófo, akoto á sì máa mì. Ohun tó ń ṣe ọ́ gan-an nìyẹn. Bí ẹni tí orí rẹ̀ rí roboto bá dé èyí tó gùn, ẹ̀bátí ni yóò máa dùn ún. Ẹni tí kò mọ èyí á máa pààrọ̀ L sí XL, á tún pààrọ̀ XL sí M, owó á máa lọ, orí á ṣì máa fọ́ ọ.

Fóòmù tìmùtìmù tí o há sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, yọ ọ́ lónìí. Ohun tó ń gba orí là nínú akoto kì í ṣe awọ òde tó ń dán, kì í sì í ṣe aṣọ rírọ̀ inú rẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì ni fóòmù funfun líle kan wà, irú èyí tí wọ́n fi ń ká tẹlifíṣọ̀n tuntun mọ́ inú páálí. Ọpọlọ wa ò lẹ̀ mọ́ agbárí. Bí agbárí bá dúró lójijì, ọpọlọ á ṣì máa lọ, á sì lọ gbá ògiri agbárí. Nígbà tí orí bá gbá ilẹ̀, fóòmù funfun yẹn ni yóò rún, rírún tó ń rún náà ni kì í jẹ́ kí orí dúró gbì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ yìí, akoto gbọ́dọ̀ wà níbi tó yẹ kó wà lórí. Tìmùtìmù lásán á kàn tẹ̀ pẹlẹbẹ ni, akoto á sì yí kúrò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìlera jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó ìwádìí 61 jọ tí wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò ní 2008, ohun tí wọ́n rí ni pé akoto ń dín ikú àwọn tó bá ní jàǹbá alùpùpù kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìdá 69. Ọmọ mi, mo fẹ́ kí ìwọ náà wà lára àwọn tó ń jẹ àǹfààní yìí.

Bí mo ṣe ń bá oníbàárà yan tirẹ̀ nìyí. Tépù télọ̀ kì í kúrò lọ́rùn mi ní ìsọ̀. Mo máa ń wé e yí orí rẹ̀ ká, ní nǹkan bí ìbú ìka kan sókè irun òkè ojú, kó gba òkè etí, kó sì kọjá níbi tí ìpàkọ́ ti yọ jù. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 57 sí 58, M ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń pè é. 59 sí 60 ni L. Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ ni o, a ò tíì parí. Akoto tuntun gbọ́dọ̀ fún un díẹ̀: ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á tì gòkè, bó bá sì ń sọ̀rọ̀, eyín rẹ̀ lè máa kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú. Èyí ò burú, torí tìmùtìmù ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń rọ̀ bó bá ṣe ń pẹ́. N ó wá di akoto mú, n ó ní kó yí orí. Awọ iwájú orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá akoto lọ. Bí akoto bá dúró sójú kan tí orí ń yí nínú rẹ̀, kó bọ́ ọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó de okùn àgbọ̀n, kó fún débi pé ìka méjì péré ló lè wọ abẹ́ rẹ̀. N ó wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ akoto níbi ìpàkọ́, n ó fi agbára yí i síwájú. Bó bá ṣí kúrò lórí nígbà tí okùn rẹ̀ ṣì wà ní dídè, mi ò ní tà á fún un, kódà kó fún mi ní ìlọ́po méjì owó rẹ̀.

Èyí tó máa ń mú àwọn kan bínú sí mi ni pé n ó ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n dé e fún ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tó sanwó. Wọ́n á ní àwọn ń kánjú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi tí akoto ń tẹ̀ kì í fara hàn lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí i, mo máa ń fi àtàǹpàkò yẹ iwájú orí wọn wò. Bí mo bá rí ojú kan ṣoṣo tó tẹ̀ bọnú láàárín, tí wọ́n sì ṣe yẹ̀ẹ̀ nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, orí wọn ti kọ ìrísí yẹn nìyẹn. A ó gbé ti ilé iṣẹ́ mìíràn.

Fún ìwọ tó ń rìn jìnnà nínú oòrùn, wá èyí tó ní ihò atẹ́gùn níwájú àti lẹ́yìn, tí aṣọ inú rẹ̀ ṣeé yọ fọ̀, tí gíláàsì rẹ̀ sì mọ́ kedere. Gíláàsì dúdú wù yín, mo mọ̀, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò ní jẹ́ kí o rí kòtò.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń ra akoto lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà fún àwọn ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àwọn ọmọ náà dání wá sọ́jà.

*Ẹ káàárọ̀ mà. Olùkọ́ ni mí l'Óṣogbo, ọ̀kadà ni mò ń gùn lọ síléèwé. Akoto tí àwọn ọlọ́kadà ń fún èrò máa ń rùn, mi ò sì mọ iye orí tó ti wọ̀ ọ́. Ìyá ọkọ mi tún ní kí n má dé e, pé wọ́n lè ti fi oògùn sí i. Mo sì máa ń di irun. Kí ni kí n ṣe? — Tíṣà Òṣogbo*

Àbúrò mi, kì í ṣe ìyá ọkọ rẹ ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé akoto ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, ohun tí ọ̀pọ̀ èrò ń sọ nìyẹn: pé ẹni tó bá dé akoto ọlọ́kadà, iyè rẹ̀ á ra, tàbí kó di àwátì. Nígbà náà, nílùú Kano, àwọn ọlọ́kadà kan gbé igbá dé, àwọn mìíràn dé garawa ọ̀dà, kí ọlọ́pàá má baà mú wọn. Mi ò ní kí o bá ìyá ọkọ rẹ jiyàn. Ra tìrẹ. Bí akoto bá jẹ́ tìrẹ, tó ń bá ọ wọlé tó ń bá ọ jáde, ọ̀rọ̀ òórùn parí, ọ̀rọ̀ oògùn náà parí. Bí owó ò bá tíì tó, ra fìlà aṣọ fẹ́lẹ́ tí o lè máa fọ̀ lójoojúmọ́, kí o máa dé e sábẹ́ ti ọlọ́kadà.

Akoto tí kò bo àgbọ̀n fúyẹ́ ju èyí tó bò ó lọ, ó sì rọrùn láti dé àti láti ṣí. Bó bá jẹ́ èmi, èyí tó bo àgbọ̀n ni mo fẹ́, torí kì í ṣe òkè orí nìkan ló ń gbá ilẹ̀, ojú náà ń gbá a.

Ní ti irun, ṣùkú àti akoto ò lè gbé pọ̀. Ìdì irun tó wà lókè yẹn á gbé akoto sókè, okùn ò sì ní bá àgbọ̀n mọ́. Kòlẹ́sẹ̀ ló dáa jù, torí ó lẹ̀ mọ́ orí, ìsàlẹ̀ ìpàkọ́ ló sì ń parí sí. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi àtọwọ́dá irun gùn, jẹ́ kó wálẹ̀ sẹ́yìn ọrùn, kí o so ó níbẹ̀. Irun tí o máa ń ṣe jù ni kó wà lórí rẹ lọ́jọ́ tí o bá lọ ra akoto. Gèlè, inú báàgì ni kó wà títí o ó fi dé ibi tí ò ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ìjáàbù, ẹ fi èyí tó fẹ́lẹ́ wé orí, ẹ má ta á ní kókó sí ìpàkọ́, ẹ sì yọ gbogbo abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ kí ẹ tó dé akoto lé e.

Jọ̀ọ́, máa de okùn rẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí èrò tó kàn gbé akoto lérí tí okùn rẹ̀ ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Akoto tí a ò de á ti fò lọ kí orí tó kan ilẹ̀.

*Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Akoto tòkunbọ̀ láti Kútọnu pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ṣakí, owó rẹ̀ ò sì tó ti tuntun. Wọ́n ní ó lágbára ju ti Ṣáínà lọ. Òótọ́ ni? — Ọmọ Òkè Ògùn*

Ibi tí wọ́n ti ṣe é kọ́ ló ń sọ bó ṣe lágbára tó, ọmọ mi. Àwọn ilé iṣẹ́ wà ní Ṣáínà tó ń ṣe ojúlówó, ayédèrú náà ń tibẹ̀ wá. Okùn àgbọ̀n ni kó o wò. Èyí tó bá tẹ̀lé òfin Yúróòpù, wọ́n á rán àmì aṣọ kékeré kan mọ́ okùn náà, lẹ́tà E á wà nínú ohun roboto lára rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i: 1 ni Jámánì, 2 ni Faransé, 3 ni Ítálì. Nọ́ńbà gígùn tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 05 tàbí 06. 06 ni tuntun, ó sì le jù, torí wọ́n ti fi bí orí ṣe ń yí nígbà ìṣubú kún ohun tí wọ́n ń dán wò. Bí o bá rí lẹ́tà P, àgbọ̀n akoto náà lágbára láti dáàbò bo ojú. J ni èyí tí kò bo àgbọ̀n. NP ni kí o ṣọ́ra fún: ó bo àgbọ̀n lóòótọ́, àmọ́ wọn ò ṣe é láti dáàbò bo àgbọ̀n nígbà ìṣubú. Ní ti àmì DOT, tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí ọjà ara rẹ̀, ìjọba ibẹ̀ kì í dán an wò kó tó dé ọjà. Ẹnikẹ́ni sì lè tẹ lẹ́tà mẹ́ta sórí bébà alẹ̀mọ́. Nítorí náà, ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ inú rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ ò bá kan fóòmù funfun líle tó nípọn, gbé e padà fún ẹni tó ni ín.

Èmi ò kì í ta akoto tòkunbọ̀. Táyà tòkunbọ̀, ojú á rí i bó bá ti jẹ. Akoto tó ti ṣubú rí ní òkè òkun lè máa dán gbinrin. Ọjọ́ orí rẹ̀ náà tún wà níbẹ̀: àwọn tó ń ṣe é máa ń gbani nímọ̀ràn pé ká pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5 tí a ti ń lò ó, a ò sì mọ iye ọdún tí wọ́n ti lo èyí tó ń wọlé láti Kútọnu. Fi owó yẹn ra tuntun tí kò lẹ́wà púpọ̀.

*Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Alùpùpù ni mo fi ń gbé ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún, lọ síléèwé n'Íṣẹ́yìn. Akoto tèmi ni mo máa ń dé fún un, èmi ò wá ní dé nǹkan kan. Ṣé mo ṣe é re? — Bàbá Àgbẹ̀*

Ẹ̀gbọ́n mi, ìfẹ́ ọmọ ló mú yín ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n akoto àgbà á yí bo ọmọ lójú, ó sì sábà máa ń lé ní kílò kan, ó wúwo jù fún ọrùn rẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣubú láìdé nǹkan kan, ta ni yóò gbé ọmọ náà dìde? Ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, kó bá orí rẹ̀ mu bó ṣe wà lónìí. Akoto kì í ṣe ṣòkòtò iléèwé tí à ń rà sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá tíì tó ibi ìtẹ̀sẹ̀, kò tíì tó ẹni à ń gbé sẹ́yìn alùpùpù, ẹ má sì gbé e sórí táǹkì níwájú yín. Ẹ bá àwọn òbí tó wà ládùúgbò sọ ọ́, kí ẹ jọ máa dá owó kẹ̀kẹ́ Márúwá.

*Mo ṣubú l'Ẹ́dẹ lóṣù tó kọjá, akoto mi sì gbá títì. Kò fọ́, mo ti fi ọ̀dà tún un kùn. Ṣé mo lè máa lò ó lọ? — Ọlọ́kadà Ẹdẹ*

Rárá, àbúrò mi. Ọpẹ́ ni pé o wà láàyè láti kọ lẹ́tà yìí. Fóòmù tó ti rún lẹ́ẹ̀kan kì í padà sípò, o ò sì lè rí i láti òde. Ọ̀dà tí o kùn ún tún dá kún un, torí omi inú ọ̀dà máa ń jẹ awọ rọ́bà akoto, bẹ́ẹ̀ náà ni bẹntiróòlù tí àwọn kan fi ń nù ún. Bí o bá ra òmíràn, omi àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó o, sá a sí ibòji. Èyí tó wà nílé yẹn, fi ọ̀bẹ gé okùn àgbọ̀n rẹ̀ kí o tó sọ ọ́ sí ààtàn, kí àwọn tó ń ṣa rọ́bà má baà gbé e lọ tà fún ẹlòmíràn.